Ìlà Ẹfun Ọ̀gá Mi: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Lẹ́ńsì Tó Fẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń rojọ́ ọ̀daràn kan ṣoṣo: lẹ́ńsì tó fẹ̀, èyí tó máa ń kó ilé, kánópì àti gbogbo àlejò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní ó ń ba ojú ènìyàn jẹ́. Mo ti kó àwọn lẹ́tà náà jọ, mo sì fẹ́ gba ẹjọ́ rẹ̀ rò díẹ̀.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Abẹ́òkúta ni mo wà, ọdún kejì mi rèé nídìí iṣẹ́ fọ́tò. Níbi ìgbéyàwó kan, wọ́n ní kí n ya ìyàwó nígbà tí wọ́n ń kun ojú rẹ̀ lọ́wọ́. Yàrá yẹn há, ibùsùn nìkan ti gba ìdajì rẹ̀. Mo fi 18, ibi tó fẹ̀ jù lórí lẹ́ńsì 18-55 mi, súnmọ́ ọn gan-an kí ojú rẹ̀ lè kún fọ́tò. Ìgbà tí mo kó fọ́tò lọ, ìyá ìyàwó wò ó títí, wọ́n ní, "Imú ta nìyí?" Títí di òní, wọn ò tíì san owó tó kù. Ṣé lẹ́ńsì mi ló bàjẹ́ ni, àbí kí n lọ ra òmíràn?*

Àbúrò mi, lẹ́ńsì rẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ ló dá ọ̀ràn.

Lọ́dún 1989, mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Yashica Mat ni kámẹ́rà wọn, èyí tó lójú méjì níwájú, tí o máa dorí kodò láti wo inú rẹ̀. Ọ̀gá mi fi ẹfun fa ìlà kan sílẹ̀ sitúdíò, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí ìdí àga tí oníbàárà ń jókòó lé. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí a bá gbálẹ̀ tán, a óò tún un fà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbé kámẹ́rà kọjá ìlà yẹn, ìgbátí ni yóò fi gbọ́. Èmi rò pé ìkà lásán ni, nítorí ìgbátí yẹn kàn mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó pẹ́ kí n tó fiyè sí i pé kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ ò gbà kí ènìyàn súnmọ́ ẹni tó ń yà ju mítà kan lọ. Tó o bá kọjá ibẹ̀, ojú oníbàárà á ṣú bàìbàì. Ìdí kan nìyẹn tí imú àwọn ìyá wa fi gún régé nínú àwọn fọ́tò àtijọ́ tó wà lára ògiri pálọ̀. Àwọn ayàwòrán ìgbà yẹn lè má gbọ́n jù wá lọ. Kámẹ́rà wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣìṣe.

Ìwọ tí o wà ní Abẹ́òkúta, jáde síta báyìí, dúró síbi tí o ti lè rí Òkè Olúmọ. Di ojú kan, kí o gbé àtàǹpàkò rẹ síwájú ojú kejì. Àtàǹpàkò yẹn á bo Olúmọ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ohun tó bá súnmọ́ ojú ló ń tóbi, bí imú náà ṣe rí lójú kámẹ́rà nìyẹn. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, láti ṣóńṣó imú dé ibi etí tó bíi sẹ̀ńtímítà 12. Tí kámẹ́rà bá wà ní sẹ̀ńtímítà 30 sí imú, a jẹ́ pé etí wà ní 42. Tí a bá fi imú wé etí nínú fọ́tò yẹn, imú á fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Etí náà á sì máa sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú á wá gùn bí ojú ẹṣin. Wàyí o, sún sẹ́yìn dé mítà kan àbọ̀. Imú wà ní 150, etí wà ní 162. Ìyàtọ̀ wọn ò ju ìdá 8 lọ, kò sì sí ìyá ìyàwó tí yóò rí ìyẹn. Ṣé o rí i pé n kò dárúkọ lẹ́ńsì kankan nínú ìṣirò yìí?

Ẹ̀bi tí lẹ́ńsì jẹ ni pé òun ló ń tan ènìyàn súnmọ́. Bí nọ́ńbà mm ara lẹ́ńsì bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fẹ̀ tó. Lórí kámẹ́rà full frame, èyí tí ojú inú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tóbi bíi ti fíìmù àtijọ́, tí o bá fẹ́ kí orí àti èjìká kún fọ́tò lóòró, 85mm á jẹ́ kí o dúró sí nǹkan bíi mítà kan. 50mm á fà ọ́ wá sí sẹ̀ńtímítà 60. 24mm ńkọ́? Ó di 30, o ti ń gbọ́ èémí ìyàwó. Kámẹ́rà tìrẹ tó ń lo 18-55 kéré nínú ju full frame lọ, nítorí náà 18 rẹ ń ṣe bíi 27 tàbí 29. O rí i pé ìwọ náà ti dé ibi tí èémí ti ń fẹ́ síni lójú.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán o. Fi ẹnì kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọn mítà kan àbọ̀, fi ẹfun sàmì sí i, kí o dúró síbẹ̀. Ya á ní 55. Má gbẹ́sẹ̀ kúrò. Yí lẹ́ńsì sí 18, tún un yà. Gbé ti 18 sórí kọ̀ǹpútà, fẹ̀ ẹ́ títí ojú ibẹ̀ á fi tó ti 55, gé ìyókù dànù, kí o wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyàwó mi ni èmi fi ṣe é, pẹ̀lú 24mm àti 85mm. Mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì pé kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ti 24. Ọ̀kan ṣì í. Èkejì gbà á, àmọ́ nígbà tí mo bi í bó ṣe mọ̀, ó ní ọ̀kan nínú fọ́tò náà rí ṣákiṣàki díẹ̀, àti pé ìkélé ẹ̀yìn rẹ̀ hàn jù. Imú kan náà ni. Yẹtí wúrà tí ìyàwó mi fi sétí yọ lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ níye kan náà nínú méjèèjì.

Nínú irú yàrá híhá tó o sọ yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, màá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá ya ìyàwó láti ibẹ̀ ní 50 tàbí 55. Tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò bá sí, màá fẹ̀yìn ti ògiri, màá fi ojú sílẹ̀, màá ya ìdajì ara: kí dígí wọlé, kí ọwọ́ ẹni tó ń kun ojú wọlé, kí gèlè tó wà lórí ibùsùn náà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ojú nìkan, màá gé e fún un. Kámẹ́rà 24 megapixel tí o gé fọ́tò rẹ̀ sí ìdajì lóòró àti ní ìbú ṣì ku 6 fún ọ, ìyẹn sì tó tẹ fọ́tò ínǹṣì 5 sí 7 láìsí wàhálà.

Ní ti owó rẹ, padà lọ bá ìyá ìyàwó. Má lọ ṣàlàyé lẹ́ńsì fún wọn o, wọn ò ní gbọ́. Wá fọ́tò tí o ti yà wọ́n láti òkèèrè lọ́jọ́ náà, gé ojú ìyàwó jáde, tẹ̀ ẹ́ dáadáa, dọ̀bálẹ̀, kí o sì gbé e lé wọn lọ́wọ́ kí o tó sọ̀rọ̀ rárá.

*Onífọ́tò wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. A lọ òde kan, àwa ẹgbẹ́ ọlọ́mọge àtijọ́, a wọ aṣọ ẹbí, wọ́n sì tò wá láti ya fọ́tò. Mo pẹ́ dé, ìpẹ̀kun ni mo ti ráyè. Nígbà tí fọ́tò jáde, ọ̀rẹ́ mi tó sanra jù mí lọ, tó wà láàárín, rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èmi ni mo wá dà bí ẹni tó gbé irọ̀rí sábẹ́ ìró. Ṣé onífọ́tò yẹn ní nǹkan kan sí mi ni?*

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Ẹ ò sanra sí i, ọ̀rẹ́ yín náà ò sì rù. Ibi tí ẹ dúró sí ló fà á.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi náà ti ṣẹ̀ rí ni. Níbi ayẹyẹ àádọ́rin ọdún bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo to ẹbí sí ìlà kan gbọọrọ, mo fi lẹ́ńsì 24mm gbé gbogbo wọn, inú mi sì ń dùn pé n kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin ló wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ òsì. Nígbà tí mo kó fọ́tò dé, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wò. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi lo sọ di àgbá epo báyìí?" Mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo gé ìpẹ̀kun méjèèjì, ẹlòmíràn sì tún bínú pé mo gé òun kúrò.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, kí ẹ tàn án mọ́ ògiri gan-an níwájú yín. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rí roboto. Ẹ wá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìkúrò lójú kan, kí ó máa tàn sí apá ọ̀nà jíjìn lára ògiri kan náà. Roboto yẹn á fà gbọọrọ, á dà bí ẹyin tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dé ìpẹ̀kun fọ́tò nìyẹn pẹ̀lú lẹ́ńsì tó fẹ̀: ó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó sì ń na ohun tó bá gbé wá. Orí ènìyàn rí roboto, ìdí náà rí roboto, méjèèjì á sì fẹ̀. Lórí full frame, 50mm ń fi bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìbú ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun. 35mm ń fi bí ìdá 12 kún un. Tó bá di 24mm, ìdá 25 ni. 16mm tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbé kiri òde wá burú ju gbogbo wọn lọ, bí ìdá 50 ló ń fi kún un. Ẹni tó wà láàárín kò jìyà kankan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ yín fi ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi sọ fún onífọ́tò yín pé kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Ìlà tó gùn tó mítà 6, 24mm á gbé e láti mítà 4, ìyẹn ló mú ọ̀lẹ fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá rìn sẹ́yìn dé bíi mítà 6, 35mm á gbé e. Tí àyè bá wà tó fi lé ní mítà 8, 50mm á gbé e, gbogbo yín á sì rí bí Ọlọ́run ṣe dá yín. Tí ògiri tàbí gọ́tà bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó dín ìlà kù: kí àwọn kan jókòó, kí àwọn kan dúró lẹ́yìn wọn, kí mítà 6 di mẹ́ta. Láti mítà 4 kan náà, pẹ̀lú 24mm kan náà, ìpẹ̀kun á ti kúrò ní etí fọ́tò, ìdá 25 yẹn á sì wálẹ̀ sí bíi 7.

Àṣà wa sì ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ yìí kí lẹ́ńsì tó dé. Ẹ wo fọ́tò ẹbí àtijọ́: àgbà ló ń jókòó sáàárín, àwọn ọmọ tinínrín ló ń dúró sí ẹ̀gbẹ́. Kí á kàn máa tẹ̀ lé e ni, kí á má fi ìyá tó pẹ́ dé há etí. Èmi ní tèmi, mo máa ń fa ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde láàárín, màá ní, "Bọ́ sẹ́yìn, jẹ́ kí Mọ́mì jókòó." Òun náà ò ní mọ̀ pé mo ti fi í ṣe irúbọ.

Àwọn kan yóò ní kọ̀ǹpútà lè tún un ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ nínú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, láti tún lẹ́ńsì ṣe, òpó tó wọ́ ló ń nà tọ́, kò kan ìdí àǹtí rárá. Ètò mìíràn, DxO ViewPoint, ní èyí tó ń dín ara tó fẹ̀ kù, àmọ́ bó ṣe ń tún ènìyàn ṣe, bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ òpó kánópì. Mo máa ń lò ó tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí, n kì í fi í ṣe àṣà.

*Bọ̀ọ̀dá, Houston ni mo wà. Mo fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ọmọ mi àti tèmi nílé. Mo na ọwọ́, mo fi fóònù ya ara mi, ọkọ mi sì ní kò jọ mí. Ṣé fóònù ò dára fún un ni?*

Fóònù dára. Ọwọ́ yín ló kúrú. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí Boris Paskhover ti Yunifásítì Rutgers wà lára wọn, ṣírò ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó fi fóònù ya ara rẹ̀ láti ínǹṣì 12, imú rẹ̀ á dà bí ẹni pé ó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju bí yóò ṣe rí láti ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún yẹn, mítà kan àbọ̀ ni o. Ọ̀gá mi ò ka ìwádìí kankan kí ó tó fa ìlà rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá ní kí ẹlòmíràn ya ènìyàn fún pásípọ́ọ̀tù, kí ó má ya ara rẹ̀. Ẹ gbé fóònù fún ọkọ yín, kí wọ́n dúró jìnnà sí yín ní mítà kan àbọ̀, kí ojú fóònù dọ́gba pẹ̀lú ojú yín, kí wọ́n lo 2x, èyí tó ń fa ènìyàn súnmọ́ lórí fóònù, tó bá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá gé e sí ínǹṣì 2 sí 2.

*Àkúrẹ́ ni mo ti kọ̀wé. Àwọn ọmọ mi ń fi 0.5, lẹ́ńsì tó fẹ̀ jù lórí fóònù, ya ara wọn láti òkè, orí ńlá, ẹsẹ̀ bí ti èèrà. Ṣé ẹwà nìyẹn?*

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré, sà. Láti ìgbà tí iPhone 11 ti gbé e dé lọ́dún 2019, tó ń ṣe bíi 13mm, ni àwọn ọmọ ti sọ ọ́ di àwàdà, wọ́n sì mọ̀ pé àwàdà ni. Ẹni tó ń bà mí lẹ́rù ni onífọ́tò tó gba owó, tó ṣe ohun kan náà, tí kò sì mọ̀.

*Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo fẹ́ lọ ya àwọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, 24mm nìkan ni lẹ́ńsì tó wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ènìyàn ní kí n yá 85. Ṣé kí n máa lọ bẹ́ẹ̀?*

Máa lọ bẹ́ẹ̀. Kódà, ká ní 85 wà lọ́wọ́ rẹ, màá ní kí o fi sílé.

Ṣé o ti rí òfì wọn rí? Ahunṣọ á jókòó sídìí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìtẹ̀sẹ̀. Òwú tó ń hun á ta gbọọrọ jáde níwájú rẹ̀, á gba orí ilẹ̀ kọjá lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ mítà, títí dé ibi tí wọ́n ti fi ẹrù wúwo dì í mú kí ó lè le. Bó ṣe ń hun, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù yẹn ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí o bá fi 85 ya ọkùnrin yìí, ojú rẹ̀ á dára, àmọ́ kò ní sí ohun tí yóò fi hàn pé kì í ṣe awakọ̀ tàbí olùkọ́. Òwú yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gùn ju ohun tí 85 lè gbé mì lọ.

Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú náà, mítà kan àbọ̀ sí ahunṣọ, kí o kúnlẹ̀ kí kámẹ́rà dọ́gba pẹ̀lú àyà rẹ̀. Láti ibẹ̀, 24mm á gbé ohun tó fẹ̀ lé ní mítà 2. Jẹ́ kí òwú gba ẹsẹ̀ fọ́tò wọlé, kí ó súnmọ́ lẹ́ńsì gan-an. Ohun tó sọ imú ìyàwó Abẹ́òkúta di ńlá ni yóò sọ òwú náà di títì: á fẹ̀ níwájú, á máa tín-ín-rín lọ, á sì parí sọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Mítà kan àbọ̀ ló wà, kò séwu. Kí ó ṣáà ti wà nítòsí àárín, kí ó má lọ sí etí, nítorí o ti ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá Ìbàdàn.

Má dúró lóòró kí o wá tẹ kámẹ́rà wálẹ̀. Orí rẹ̀ á tóbi, ẹsẹ̀ á gbẹ, òpó àtíbàbà á sì máa ṣubú síta. Ọwọ́ náà, ṣọ́ ọ. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ òfì, èyí tó ń gbé òwú láti ọwọ́ kan sí èkejì, bá ń bọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ rẹ, ọwọ́ tó jù ú á súnmọ́ lẹ́ńsì, á sì fẹ́ tóbi tó orí. Nígbà mìíràn ìyẹn gan-an ló dára. Onífọ́tò kan, Platon, ya Bill Clinton bẹ́ẹ̀ fún ìwé ìròyìn Esquire lọ́dún 2000: láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ńlá méjì lórí orúnkún ńlá méjì, orí wà lókè níbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bínú, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbàgbé fọ́tò yẹn. Ọwọ́ ahunṣọ yẹ fún irú iyì bẹ́ẹ̀ ju ọwọ́ olóṣèlú lọ, lójú tèmi. Ya oríṣi méjèèjì, èyí tí ọwọ́ ti jìnnà àti èyí tí ọwọ́ ti súnmọ́.

Má yọ kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀ tí o bá débẹ̀. Kí wọn, ẹ kú iṣẹ́, jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣíwọ́ wíwò ọ́. Bèèrè kí o tó ya ẹnikẹ́ni. Tí o bá sì ti tẹ fọ́tò, fi ti ahunṣọ ránṣẹ́ sí i kí o tó fi tèmi ránṣẹ́, àmọ́ jọ̀ọ́, má gbàgbé tèmi. Mo fẹ́ rí òwú yẹn.